Báàjì Orí Fìlà Bàbá Mi

Inú ṣì ń bí mi. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni tó ti dárí jini tán ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní ó yẹ kí n ti fi í sílẹ̀, pé báàjì tí kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ kò tó ohun tí àgbàlagbà ń torí rẹ̀ pariwo. Mo ní kó bá mi mú ohun tó tóbi tó wá nígbà náà. Kò rí mú.

Bí ọ̀rọ̀ báàjì ṣe wọ ilé wa nìyí. Ọgbà ìṣeré kan wà lójú ọ̀nà Ibeju-Lekki, béèyàn bá ti kọjá Awoyaya. Ẹṣin onígi tó ń yí po wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré wà níbẹ̀, òkè kan sì wà tí àwọn ọmọ ń yọ̀ láti orí rẹ̀ bọ́ sínú omi. Ohun ìṣeré kọ̀ọ̀kan ló ní báàjì tirẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn, tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Èèyàn lè rà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ wà nínú pàṣípààrọ̀. Ẹni tó ní ẹṣin méjì tí kò ní ọkọ̀ ojú irin á wá ẹni tó ní ọkọ̀ ojú irin méjì lọ. Abẹ́ àtíbàbà kan nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù la ti ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé, tọmọdé tàgbà, ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá àti ẹni tí awakọ̀ rẹ̀ gbé wá.

Ẹkún ló kó wa wọ̀ ọ́. Ọdún Iléyá kan ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ síbẹ̀, kò sì gbà ká kúrò lẹ́nu ọ̀nà àfi bí a bá ra báàjì ọ̀pọ̀lọ́, ìyẹn ti òkè olómi náà, fún un. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ wò ó, ó sì ń wò ó di òní. Awakọ̀ ni ọkọ mi, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú omi ní Ibeju ló ń wà, kò sì sẹ́ni tó máa rí i tó máa rò pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́ onírin. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fi ẹṣin méjì bẹ̀ ẹ́, ó fi ọkọ̀ ojú irin kún un, bàbá rẹ̀ ní rárá. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀ fi àjákù àdìrẹ rán ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, tí a ó gbé kọ́rùn, tí a ó fi báàjì gún. Bí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, a ó tẹ́ ẹní síwájú ilé wa ní Ajah, a ó máa to báàjì, a ó máa rẹ́ ara wa jẹ. Mo ń sọ èyí kó lè yé yín pé a mọ eré ṣe nílé wa.

Òfin méjì ló wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Àkọ́kọ́, báàjì la fi ń gba báàjì, owó kò wọ̀ ọ́. Èkejì, èyí tó wà lára ọ̀já ni ọjà, èyí tó wà lórí kì í ṣe ọjà. Ohun téèyàn bá fi gún fìlà rẹ̀ tàbí gèlè rẹ̀, ojú lásán la fi ń wò ó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín mọ òfin yìí.

Bàbá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, kì í gbé ọ̀já kọ́rùn. Mo rán tiwọn, wọ́n ń fi nu awò ojú wọn. Ẹyọ báàjì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, orí fìlà wọn ló sì ń gbé. Bíríkìlà ni wọ́n. Apá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sìtéètì lónìí ṣì jẹ́ àbàtà tí wọ́n ń da yanrìn sí. Wọ́n mọ ògiri ní Ajah, wọ́n mọ ọ́n ní Lẹ́kkí Phase 1, ní àdúgbò tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé ẹnu géètì rẹ̀ lónìí, máígáàdì á bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá. Ọgbà ìṣeré yẹn ni iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe kẹ́yìn kí egungun ẹ̀yìn tó ní kí wọ́n jókòó. Àwọn ni wọ́n to búlọ́ọ̀kù ilé tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ẹni tó ni ọgbà fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó dúró dópin ní báàjì kọ̀ọ̀kan: búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí wọ́n tò léra, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Wọn kì í tà á lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì tún ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Gbogbo ilé tí bàbá mi ti mọ, kò sí èyí tó ní kí wọ́n wọlé wá jókòó. Báàjì yẹn nìkan ló jẹ́rìí wọn. Kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀, wọ́n á fi etí aṣọ nù ún, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á wo dígí. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé kí ni èyí, wọn ò ní rojọ́. Wọ́n á kàn ní, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Obìnrin tí inú ń bí mi sí yìí, Lẹ́kkí Phase 1 ló ti wá. Ó jù mí lọ, ó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní "wọn" níhìn-ín. Ẹni bá fẹ́ "wọn" á ṣe ohun tó yẹ "wọn". Kò ní ọ̀já bíi tiwa. Fáìlì aláwọ kan ló ń gbé kiri, tó ń ṣí bí ìwé, tí báàjì sì tò sójú ewé rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà: Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká. Mo gbọ́ nígbà tó ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu géètì ọgbà, ẹni tó ń tà á ló kọ́kọ́ rẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi lábẹ́ àtíbàbà, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. Mo wà nítòsí, mo kẹ́yìn sí wọn, mò ń bá ìyá ọmọ kan dúnàádúrà lórí ẹṣin. Mo gbọ́ tó ní, "Bàbá, báàjì orí fìlà yín yìí mà dára o. Ó wù mí gan-an."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Tiyín ni, ìyá."

Mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kí ni mo fẹ́ bojú wò? Bí wọ́n bá ní aṣọ ọrùn mi dára, èmi náà á ní tiyín ni. Ṣé kí n bọ́ ọ sílẹ̀ lójú títì ni? Bí wọ́n bá ní ọmọ mi gbọ́n, màá ní tiyín ni, kò sì sẹ́ni tó tíì gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, èsì rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láti ayébáyé: ẹ ó lò ó pẹ́. Èsì yẹn ni mò ń dúró dè. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Háà, ẹ ṣé o, sà. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí."

Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fìlà bàbá mi. Èékánná rẹ̀ gùn, kò rí abẹ́rẹ́ náà tú. Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n bá a tú u, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kí n tó la àárín àwọn èèyàn kọjá dé ibẹ̀, ó ti pa fáìlì rẹ̀ dé, ó ti ń lọ sídìí ọkọ̀. Mo fẹ́ sáré tẹ̀lé e, bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́."

Mo ní wọn ò fún un, wọ́n kàn dá a lóhùn ni. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní ẹyin yìí ò balẹ̀ rárá, obìnrin náà ti gbá a mú lófuurufú. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ajah, wọ́n gbé fìlà náà lé orúnkún, wọ́n ń fi àtàńpàkò pa ojú ihò kékeré méjì tí abẹ́rẹ́ dá sí i.

Láti ọjọ́ náà, fìlà mìíràn ni wọ́n ń dé lọ sí Jímọ̀. Wọn ò bá wa lọ sí ọgbà mọ́, wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn. Orúnkún tí kì í dun wọ́n bí wọ́n bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọmọ mi bi wọ́n pé ibo ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà, wọ́n ní kó lọ bu omi wá. Báàjì yẹn ni bàbá mi fi ń dáhùn bí ayé bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi gbogbo agbára wọn ṣe. Wọn ò ní èsì mọ́, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn ò ní bèèrè rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ fi jáde lórí WhatsApp àwa oníbáàjì. Obìnrin náà gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́ta bàbá mi sórí aṣọ dúdú, ó ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń ya ìyàwó ojú ọ̀nà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá kan ló fi ta òun lọ́rẹ. Àwọn èèyàn ń kí i kú oríire. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ta á lọ́rẹ, pé báàjì orí fìlà ni, pé ohun tí bàbá sọ ni gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́. Èsì rẹ̀ dé: "Àǹtí, please now. Bàbá fúnra wọn ló ní tèmi ni, àwọn ló tún bá mi tú u. Mi ò jí nǹkan o."

Ẹ wo ẹnu. Àwọn kan sì gbè é. Ẹnì kan ní ohun téèyàn bá ti fúnni, a kì í gbà á padà. Òmíràn ní àwọn ará Ajah fẹ́ràn ìjà jù. Ará Ajah ni mí lóòótọ́, ìjà tó bá sì tọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọkọ mi tó ní kí n fi í sílẹ̀, òun ló ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Láìsọ fún mi, ó kọ̀wé sí obìnrin náà pé òun á fún un ní ọ̀pọ̀lọ́ òun, kó dá ti bàbá padà. Ọ̀pọ̀lọ́ tí kò fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Obìnrin náà ní òun ní ọ̀pọ̀lọ́ tó pọ̀ nílé. Ọkọ mi gbé fóònù kalẹ̀, ó jáde lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ láìtan iná ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé màá lọ bá obìnrin yẹn.

Ó ti pe àwọn oníbáàjì sí ilé oúnjẹ kan ní Phase 1, pé ká wá ṣe pàṣípààrọ̀ wa níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, ká kúrò lábẹ́ oòrùn. Mo ju ọ̀já mi sínú báàgì tí mo fi ń kó aṣọ oníbàárà, mo wọ ọkọ̀ lọ. Máígáàdì ẹnu ọ̀nà wo báàgì mi, ó wo bàtà mi, ó ní ẹ̀yìn ni àwọn tó ń gbé ọjà wá ń gbà wọlé. Mo ní mo wá jẹun ni. Mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Láti Ajah ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ, èyí tó gbóná àti èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá a nídìí tábìlì gígùn, àwọn oníbáàjì yòókù jókòó yí i ká. Fáìlì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báàjì bàbá mi wà lójú ewé àkọ́kọ́. Odidi ẹja yíyan kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú dòdò àti ata, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo Yorùbá ń ṣe bí èèyàn bá bá wọn nídìí oúnjẹ.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ wá jẹun."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò parẹ́ lẹ́nu mi. Inú tún bí mi sí i, ẹ̀rín sì ń pa mí pọ̀ mọ́ ọn. Ó mọ̀ ọ́n! Ẹni tó lè pe èèyàn wá jẹun láìfẹ́ kó jẹ, ó mọ̀ dájú pé "tiyín ni" kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó mọ̀ ọ́n láti ilé ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lórí ìkúnlẹ̀ tó wà níwájú bàbá mi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Obìnrin yìí gbọ́ ààbọ̀, ó sì mọ odidi rẹ̀, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni, nítorí ohun tó wù ú.

Èsì tó yẹ kí n fọ̀ ni "á gba ibi ire". Mi ò fọ̀ ọ́. Mo fa àga, mo jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀. Mo fi omi ìgò rẹ̀ ṣan ọwọ́ sínú àwo òfìfo kan, mo fa ẹja náà sọ́dọ̀ ara mi, mo ní Bísímílà, orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń dápàárá. Nígbà tí mo já ẹ̀gbẹ́ ẹja náà tí mo sì fi dòdò tì í, ẹ̀rín náà tán. Ebi ò pa mí rárá, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ dé egungun, mo sì fi dòdò tó kù nu ata.

"Ẹ ṣeun o," mo ní. "Ẹ ní kí n wá jẹun."

"Mo kàn ní..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ parí ẹ̀, Àǹtí. Ẹ kàn ní kí ni?"

Ó wo àwọn tó yí wa ká. Ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn ará Ajah fẹ́ràn ìjà ń wo inú ife rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Bàbá mi náà mọ̀," mo ní.

Kò sẹ́ni tó gbè é mọ́. Ó yọ báàjì náà kúrò nínú fáìlì, ó nà án sí mi. Ọwọ́ ń yún mi láti já a gbà, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti gbà á. Mo júwe ilé wa fún un, mo ní kó gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, kó sì kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà á. Mo nu ọwọ́ mi, mo sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde níṣojú máígáàdì.

Ó wá lọ́jọ́ Àìkú. Òjò ti rọ̀, omi kún àdúgbò wa, kò lè wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó gba inú ẹrẹ̀ rìn wá, ó kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wò ó láti orí àpótí tí mo jókòó lé lẹ́nu ọ̀nà, mi ò káàánú rẹ̀. Bàbá mi ní kí a gbé àga fún un. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàjì náà fún wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní. "Mo ṣi ọ̀rọ̀ yín gbọ́ ni."

Irọ́ ni. Kò ṣi nǹkan kan gbọ́. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi fa ìró mi látẹ̀yìn. Bàbá mi ò bi í ní ohunkóhun. Wọ́n ní kí ọmọ mi bá wọn mú fìlà wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èyí tó ní ihò. Wọ́n fi etí bùbá wọn nu báàjì náà, wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ ojú ihò tó ti gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dé fìlà náà. Ẹ̀yìn wọn nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn bẹ́ẹ̀, ojú mi sì ṣe omi, inú sì tún ń bí mi pé ẹnì kan ló fa á tó fi pẹ́.

Obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó jọ pé kò mọ bí èèyàn ṣe ń dìde níbẹ̀. Ló bá sọ èyí tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu gbogbo wa.

"Ó mà yẹ yín o, sà. Ó dára gan-an."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Tiyín ni, ìyá."

Mo ti dìde lórí àpótí mi. Ọmọ mi fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi tó ń fa ìró mi tẹ́lẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá. Obìnrin náà wo fìlà náà, ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì gbéra díẹ̀ lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹ orí ba.

"Ẹ ó lò ó pẹ́, sà."

"Àmín," bàbá mi ní, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń wò.

Mo jókòó padà. Nígbà tó yá, mo sin àǹtí náà dé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, nítorí ó yẹ ká sin àlejò, mi ò sì gbé ojú kúrò lára ọwọ́ wọn títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ wọn.